Ojú Egbò Mi Padé, Ṣùgbọ́n Kò Tíì Jinná

Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe. Ọdún 28 ni mo ti fi ń tẹ pẹ́dà máṣíìnì, ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo sì máa ń fi tẹ̀ ẹ́ jù. Ibi tí irin pẹ́dà ti ń kan àtẹ́lẹsẹ̀ mi, lábẹ́ àtàǹpàkò gan-an, awọ ibẹ̀ ti ki, ó ti le bíi pátákó. Mi ò kà á sí nǹkan kan. Aránṣọ wo ni kò ní ibì kan tó le lọ́wọ́ tàbí lẹ́sẹ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, mo fẹ́ bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kò fẹ́ bọ́. Ó ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Mo fà á, ó sì tú pẹ̀lú ariwo kékeré, bí ìgbà tí èèyàn ń ya bébà tí gọ́ọ̀mù wà lára rẹ̀. Mo yí inú ìbọ̀sẹ̀ náà síta, mo rí ojú kan tó rí róbótó bíi bọ́tìnnì, àárín rẹ̀ pupa, etí rẹ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Mo gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún kejì, mo fi ìka tẹ ibẹ̀. Omi jáde. Kò dùn mí rárá. Ohun tó yẹ kó já mi láyà nìyẹn, òun gan-an ló sì fi mí lọ́kàn balẹ̀. Mo sọ fún ara mi pé egbò tí kò bá dunni, egbò yẹpẹrẹ ni.

Ọdún kẹwàá tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní ìtọ̀ ṣúgà ni mo wà nígbà náà. Mò ń lo oògùn, àmọ́ bí mo bá rántí ni. Ọjọ́ 11 gbáko ni mo fi ń tọ́jú egbò yẹn fúnra mi. Mo ra omi kan tó máa ń hó bí wọ́n bá dà á sójú egbò, ìhó yẹn sì wù mí, mo rò pé ìdọ̀tí ló ń hó kúrò. Ìgbà tó yá ni mo tó gbọ́ pé àtàwọn kòkòrò, àtàwọn sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ di egbò náà, gbogbo wọn ló ń pa pọ̀. Ní ọjọ́ kejìlá, ọmọbìnrin mi gbọ́ òórùn. Kò bá mi jiyàn. Ó kàn mú bàtà mi wá, ó ní, "Màámi, ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ."

Nọ́ọ̀sì tó gbà wá kéré sí ọmọ mi lọ́jọ́ orí. Ó ní kí n dojúbolẹ̀, ó mú abẹ kékeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé awọ líle tó yí egbò náà ká. Mò ń gbọ́ ìró rẹ̀, kẹ́ṣẹ́kẹ́ṣẹ́, bíi sísọ́ọ̀sì lórí aṣọ tó nípọn, ṣùgbọ́n mi ò mọ nǹkan kan lára. Ohun tó wà lábẹ́ awọ yẹn fẹ̀ ju ohun tí mò ń rí lókè lọ ní ìlọ́po méjì. Ó mú rúlà bébà, ó wọ̀n ọ́n: sẹ̀ǹtímítà 2.1 ní gígùn, 1.6 ní fífẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ki irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bọ inú rẹ̀, ó ń wá egungun. Irin náà kò kan egungun. Ó mí kanlẹ̀, ìgbà yẹn lèmi náà tó mọ̀ pé ó ti ń di èémí rẹ̀ mú.

"Màmá, ẹ dijú. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé mo fọwọ́ kàn yín, ẹ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni."

Mo rí ohun tó mú dání kí n tó dijú: fọ́nrán ọ̀rá kan tó dà bí okùn ìpẹja, èyí tó máa ń tẹ̀ bí agbára gíráàmù 10 bá ti dé lórí rẹ̀. Mo dijú. Mo dúró. Mo tún dúró. Mò ń retí pé kó bẹ̀rẹ̀ ni mo gbọ́ tó ní, "A ti parí, Màmá."

Mo la ojú, mo wo ọmọ mi. Ojú rẹ̀ ti kún fún omi. Ó ti rí gbogbo ibi tí ọ̀rá yẹn kàn mí.

Ní ọjọ́ yẹn, ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu mi: kí ni kí n máa fi sí i? Gbogbo ẹni tó bá ní egbò ló máa ń bi irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Ó tó oṣù mẹ́ta kí n tó mọ̀ pé ìbéèrè mi wọ́. Kì í ṣe oògùn tí a bá lẹ̀ mọ́ egbò ló ń mú un jinná. Ara ló ń hun ara rẹ̀ padà, iṣẹ́ tiwa kò ju pé ká má ba ohun tó ń hun jẹ́ lọ. Ohun tí ara sì fi ń hun ni wọ́n ń pè ní kọ́lájínì.

Dókítà kan tó fẹ́ràn àlàyé ló ṣí mi lójú sí ọ̀rọ̀ yìí, bóyá nítorí pé ó gbọ́ pé aránṣọ ni mí. Ó ní purotéènì tó pọ̀ jù nínú ara ènìyàn ni kọ́lájínì, pé bí wọ́n bá fa gbogbo omi inú awọ gbẹ, nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tó bá ṣẹ́kù, òun náà ni. Fọ́nrán mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn bí ẹni ń di irun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń pè ní fibroblast ló ń ṣe é. Bí awọ bá ya, ẹ̀jẹ̀ á kọ́kọ́ dì, àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ á wá gbá ojú ibẹ̀ mọ́, wọ́n á pa kòkòrò, wọ́n á kó òkú ẹran kúrò. Bí wọ́n bá ti gbá ilẹ̀ tán, fibroblast á wọlé. Oríṣi kọ́lájínì kẹta ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ yára dà síbẹ̀, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kò lágbára. Mo mọ irú rẹ̀ dáadáa: àfọwọ́rán fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, èyí tí a máa ń rán kí aṣọ lè dúró lójú kan kí máṣíìnì tó gùn ún. Oríṣi kìíní, tó nípọn tó sì le, ló ń bọ̀ lẹ́yìn láti rọ́pò rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, fún ọ̀pọ̀ oṣù.

Lára ẹni tí ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga, kò sí ibi kan nínú iṣẹ́ yìí tí nǹkan kò ti dojú rú. Àwọn tó ń gbá ilẹ̀ kì í tètè dé, bí wọ́n bá sì dé tán, wọn kì í fẹ́ lọ. Wọ́n á jókòó sójú egbò, wọ́n á máa ja ìjà tó yẹ kó ti parí. Àwọn ẹ́ńsáìmù kan wà tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa gé kọ́lájínì tó ti bàjẹ́ kúrò. Jerome Gross àti Charles Lapiere ló kọ́kọ́ rí irú wọn ní 1962, nínú ìrù ọmọ ọ̀pọ̀lọ́, bí ìrù náà ṣe ń yọ́ dànù nígbà tó ń di àgbà. Sísọ́ọ̀sì ni wọ́n jẹ́. Aránṣọ kò lè ṣe kó má ní sísọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n nínú egbò ìtọ̀ ṣúgà, sísọ́ọ̀sì pọ̀ ju abẹ́rẹ́ lọ, ohun tó sì yẹ kó máa dá wọn lẹ́kun kò tó. Bí fibroblast ṣe ń rán ni wọ́n ń gé. Ẹ wo irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀! Èèyàn rán aṣọ láti àárọ̀ títí di alẹ́, ilẹ̀ mọ́, ó bá aṣọ ní gígé gbàlà-gbàlà.

Ó tún ku ti ọ́síjìn. Kí fọ́nrán mẹ́ta yẹn tó lè lọ́ mọ́ra pinpin, ó gba ọ́síjìn, fítámì C àti èròjà irin tó wà nínú oúnjẹ. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ọ́síjìn wá, ìtọ̀ ṣúgà sì máa ń mú kí òpó ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ tóóró. Nítorí náà ni wọ́n ṣe wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi ní ọrùn ẹsẹ̀ àti ní apá, wọ́n fi wé ara wọn. Tèmi ga ju bó ṣe yẹ lọ. Inú mi dùn, mo ní ẹ̀jẹ̀ mi ń lọ dáadáa nìyẹn. Dókítà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní òpó ẹ̀jẹ̀ ẹni tó ti pẹ́ nínú àìsàn yìí lè le gbagidi débi pé ẹ̀rọ kò ní lè fún un pa, iye tó bá jáde á wá máa tanni jẹ. Ó tún ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọ̀n, níbi tí òpó kì í ti í sábà le bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń dé ibẹ̀. Kò pọ̀, àmọ́ ó tó.

Ṣùgbọ́n ohun tó wọ̀ mí lára jù ni ọ̀rọ̀ ọwọ́.

Dókítà ní kí n pa àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì pọ̀ bí ẹni fẹ́ gbàdúrà. Mo pa wọ́n pọ̀. Ó ní kí n tẹ̀ wọ́n mọ́ra kí ìka má ṣe dá àyè sílẹ̀. Mo tẹ̀ wọ́n títí ọrùn ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n, àárín àwọn ìka ṣì là, mo ń rí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé gba ibẹ̀ kọjá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rò pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ló mú kí ìka mi wọ́. Ó ní ṣúgà ni. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó máa ń lẹ̀ mọ́ purotéènì, ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́, ẹ́ńsáìmù kankan kò dá sí i. Bó bá lẹ̀ pẹ́, á di ìdè láàrin fọ́nrán kan àti èkejì, kọ́lájínì tó yẹ kó máa fà kó sì máa sún padà á wá gan pa. Ọmọ Faransé kan, Louis-Camille Maillard, ló ṣàlàyé irú àpapọ̀ ṣúgà àti purotéènì yìí ní 1912. Òun náà ló ń sọ ojú ohun tí a bá yan di àwọ̀ ilẹ̀. Kọ́lájínì awọ kì í sì í yára pààrọ̀ ara rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún 15 kí ìdajì rẹ̀ tó pààrọ̀. Ohun tí mo jẹ ara mi ní gbèsè ní ọdún àkọ́kọ́ àìsàn yìí ṣì wà lára ìka mi.

Ibẹ̀ ni mo ti lóye àyẹ̀wò HbA1c tí mo ti ń ṣe láti ọjọ́ yìí wá tí mo kàn ń ka nọ́ńbà rẹ̀ bí ẹni ka nọ́ńbà mọ́tò. Ṣúgà tó lẹ̀ mọ́ purotéènì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n níbẹ̀. Samuel Rahbar, ọmọ Ìráànì, ló ṣàkíyèsí ní 1968 pé irú rẹ̀ máa ń pọ̀ lára àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Sẹ́ẹ̀lì pupa kì í lò ju nǹkan bí ọjọ́ 120 lọ, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí àyẹ̀wò náà fi ń sọ ohun tí a ti ṣe láàrin oṣù méjì sí mẹ́ta. Tèmi jẹ́ ìdá 10.4 nínú 100. Bí ṣúgà bá lẹ̀ mọ́ ohun tó ń lo oṣù mẹ́rin péré tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń ṣe fún kọ́lájínì tó ń lo ọdún gbọọrọ?

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí egbò.

Wọ́n fi nǹkan rírọ̀ kan gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí ibi tí egbò wà, wọ́n ní kí n má tẹ pẹ́dà mọ́. Mo gbọ́, àmọ́ mi ò gbà. Mò ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, mo ní gìgísẹ̀ ni mo fi ń tẹ̀ ẹ́. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé òfin kan wà tí àwọn ń tẹ̀ lé: bí egbò ẹsẹ̀ ìtọ̀ ṣúgà kò bá dín kù tó ìdajì láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, agbára káká ni yóò fi jinná láàrin oṣù mẹ́ta, ó sì yẹ kí wọ́n yí ìtọ́jú padà. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, tèmi kò tíì dín tó ìdá mẹ́ta. Ó wo ojú mi, ó wo bándéèjì tó ti fọ́ pẹ́tẹ́pẹ́tẹ́ níwájú. "Màmá, ṣé ẹ̀ ń rìn?" Mo ní rárá. Irọ́ gbuu.

Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ kẹtàlá, ojú egbò náà padé. Awọ tuntun bò ó, ó ń dán, ó pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo ṣe ọpẹ́. Mo gba iṣẹ́ aṣọ 14 tí wọ́n fẹ́ gbà ní òpin ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́jọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn tí egbò náà padé, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kò fẹ́ bọ́.

Mo bú gbogbo èèyàn lọ́jọ́ náà. Mo bú àwọn tó wẹ egbò, mo ní wọn kò mọ iṣẹ́ wọn. Nọ́ọ̀sì jẹ́ kí n bú tán. Ó wá ṣàlàyé pé nínú egbò tí wọ́n fi abẹ là tí wọ́n sì rán padà, lára ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, okun ojú ibẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún okun awọ tí kò bàjẹ́ rí lọ. Títí láé kò sì ní ju ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún lọ, kódà bó pé ọdún. Tiyín ńkọ́, Màmá, tí ṣúgà yín ṣì wà lókè? Mi ò rí èsì fọ̀. Àfọwọ́rán ni mo ti gbé wọ̀, tí mo tún fi ń fò. Bí oníbàárà bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí aṣọ tí mo ṣì ń rán, mo mọ ohun tí mo máa sọ fún un.

Àwọn baba wa tó ní ojú àpá kì í jọ ojú ara, mo ti máa ń rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ni wọ́n ń sọ.

Lẹ́ẹ̀kejì, wọn kò fún mi láyè láti parọ́. Wọ́n di ẹsẹ̀ mi ní ìdì líle, bíi ti ẹni tó ṣẹ́ egungun, láti ìka títí dé abẹ́ orúnkún. Ó ń pín ìwúwo mi káàkiri kó má bàa kó sórí ojú kan. Paul Brand, oníṣẹ́ abẹ tó ṣiṣẹ́ ní Vellore ní Íńdíà, ló fi irú ìdì yìí tọ́jú àwọn tí àrùn ẹ̀tẹ̀ ti pa ìmọ̀lára ẹsẹ̀ wọn, tó sì mú un dé Carville ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ti máa ń rò pé ẹ̀tẹ̀ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ ẹsẹ̀ wọn. Ó rí i pé ìrìn lórí ẹsẹ̀ tí kò mọ ìrora ni. Mo ronú lé èyí gan-an. Kì í ṣe pé ara mi kọ̀ láti hun kọ́lájínì, ó ń hun ún pẹ̀lú gbogbo ìdíwọ́ tó wà lọ́nà. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí mo bá gbé ló ń fọ́ ọ.

Wọ́n tún fi ínsúlínì kún oògùn mi. Ọdún kan gbáko ni mo ti fi sá fún abẹ́rẹ́ yẹn, èmi tí mo fi abẹ́rẹ́ jẹun! Ọmọ mi ló ń gún mi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ínsúlínì kì í kàn í ṣe ohun tó ń sọ ṣúgà kalẹ̀. Ó wà lára ohun tó ń pàṣẹ fún sẹ́ẹ̀lì pé kó kọ́ purotéènì. Láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, egbò náà dín ju ìdajì lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, ó padé. Wọn kò tú mi sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i ni mo tún fi wà nínú ìdì náà, ẹnu mi kò sì gbọ̀rọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ lórí ìyẹ̀fun kọ́lájínì, nítorí gbogbo ẹni tó bá gbọ́ ìtàn mi ló máa ń bi mí. Ẹnì kan ta ìgò mẹ́ta fún mi nígbà tí egbò náà tún ya. Ó ní bí kọ́lájínì bá ti tán lára, kí n máa mu ún padà. Ó dà bí òótọ́ létí. Ṣùgbọ́n inú máa ń já a sí wẹ́wẹ́ bíi purotéènì yòókù ni, kò sí ọ̀nà tó gbà kúrò ní ìfun lọ tààrà sí àtẹ́lẹsẹ̀. Purotéènì ṣe pàtàkì fún ẹni tó ní egbò, wọ́n tiẹ̀ ní kí n máa jẹ ẹ́ dáadáa. Àmọ́ kì í ṣe òwú ló wọ́n mi. Ẹni tó ń rán ló ń mikàn, sísọ́ọ̀sì ló pọ̀ jù, pẹ́dà ni mi ò sì yéé tẹ̀.

Nínú ìwádìí ńlá kan lórí ìtọ̀ ṣúgà tí wọ́n ń pè ní DCCT, tó parí ní 1993, wọ́n gé awọ díẹ̀ lára àwọn kan nínú àwọn tó kópa. Kọ́lájínì àwọn tó ti ń ṣọ́ ṣúgà wọn gidigidi fún ọdún bíi mélòó kan kò ní ṣúgà lára tó ti àwọn yòókù. Mo fẹ́ràn láti máa rántí èyí ní àárọ̀ tí ó bá rẹ̀ mí láti gún abẹ́rẹ́. HbA1c mi ti di 7.1. Ìka mi kò nà padà, dókítà sì ti sọ fún mi pé kí n má fi bẹ́ẹ̀ retí rẹ̀.

Nínú 100 ènìyàn tí irú egbò yìí bá jinná lára wọn, nǹkan bí 40 ni yóò tún ní òmíràn kí ọdún kan tó pé. Mo ti kọjá oṣù kẹrìnlá. Mo ti ra máṣíìnì tó ń lo iná, èyí tí bọ́tìnnì ọwọ́ wà lára rẹ̀, kò ní pẹ́dà rárá. Ìbọ̀sẹ̀ funfun nìkan ni mò ń wọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ lè tètè hàn. Mò ń fi ìpara pa gìgísẹ̀, nítorí iṣan tó ń mú ẹsẹ̀ làágùn ti kú, awọ ibẹ̀ sì máa ń gbẹ kó tó sán. Mi ò kì í fi sáàárín ọmọ ìka. Dígí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn mi tí mo fi ń wo àtẹ́lẹsẹ̀. Ọmọ mi sì ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ìgbóná ara, kì í ṣe fún iwájú orí, fún ẹsẹ̀ mi ni. Bí ojú kan lórí ẹsẹ̀ kan bá fi ìwọ̀n Celsius 2.2 gbóná ju ojú kan náà lórí ẹsẹ̀ kejì lọ fún ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, nǹkan ti ń bàjẹ́ lábẹ́ awọ nìyẹn kí ojú tó rí i, mo sì gbọ́dọ̀ jókòó kí n sì pè wọ́n.

Láàárọ̀ yìí, ọmọ mi kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ti fẹ́ pẹ́ dé ibi iṣẹ́, ó ń kánjú. "Ọ̀tún, 31.2. Òsì, 30.8. Màámi, ẹ gbé ẹsẹ̀ yẹn kúrò lórí mi." Mo wọ ìbọ̀sẹ̀ mi, mo bọ́ sídìí máṣíìnì.